Bí A Ṣe Lọ Wá Àwo Orin Gbádébọ̀ ní Ìlú Adákẹ́

Ẹ sún mọ́ra, kí òjò má baà lù yín. Àgbẹ̀dẹ yìí kò tóbi, ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ yóò gba gbogbo wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ fi í sápò. Bí mo bá dé ibi tó dùn tí nǹkan kan sì dún lápò ẹnì kan, n ó dìde, n ó lọ sùn, ẹ ó sì wá ẹlòmíràn tí yóò parí rẹ̀ fún yín. Làísì, má tíì bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo mọ̀ ọ́. Nígbà tí mo sọ ti ẹfọ̀n olójú kan lọ́jọ́sí, ìbéèrè rẹ ni kò jẹ́ kí ẹfọ̀n náà kú títí gbogbo ènìyàn fi lọ sílé.

Èmi ni Ọdẹ́níran, ọmọ Ògúnsanmí, a-yìnbọn-má-tún-un-yìn. Bí ẹ bá rí awọ ẹkùn lára ògiri baba ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí, ẹ béèrè ẹni tó pa á. Mo ti wọ igbó tí ewé rẹ̀ ń bú ènìyàn. Mo ti bá iwin jẹun nínú abọ́ kan náà, mo sì mú ẹran jù ú lọ. Ẹ̀rù kì í bà mí. Àléébù mi kan ni pé nǹkan máa ń tètè sú mi. Nínú gbogbo ìrìn tí mo sì rìn láyé, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló sú mi jù, nítorí kì í ṣe ẹran ni mo wá lọ, kì í ṣe ọba ló rán mi. Àwo orin kékeré kan ni mo wá lọ, dúdú, pẹlẹbẹ, tí kò fẹ̀ ju ọpọ́n ayò ọmọdé lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ àwo orin. Kí fóònù tó dé, kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé pàápàá, inú àwo ni ohùn olórin ń gbé. Èyí tó tóbi wà, tí orin púpọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni kékeré, tí ihò ńlá wà láàrin rẹ̀, tí orin kan wà lójú, tí orin kan wà lẹ́yìn. A ó gbé e lé orí giramafóònù, a ó gbé abẹ́rẹ́ lé e, yóò máa yí, ohùn yóò sì máa jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ayọ̀ká, fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbádébọ̀. Gìtá ni Gbádébọ̀ ń ta. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Èkó, iléeṣẹ́ kan sì gba ohùn wọn sínú àwo kékeré. Orin ijó ló wà lójú rẹ̀, kò sì sí ilé ọtí tí wọn kò ti lù ú. Orin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ti Ayọ̀ká ni. Ṣé ẹ mọ bí ayé ti rí: ojú ni wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó ń yí nǹkan wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló máa ń yí i.

Ayé wá yí padà. Àwo ńlá lé àwo kékeré jáde, kásẹ́ẹ̀tì lé àwo ńlá. Wọ́n ń fi àwo kékeré dé ìkòkò omi, àwọn ọmọdé ń yí i kiri bí àgbá kẹ̀kẹ́. Gbádébọ̀ fi gìtá sílẹ̀, ó di àgbẹ̀ kòkó, ó dàgbà, ó kú. Lọ́jọ́ tí a sin ín, ọ̀kan nínú àwọn àna wa, tó ń ṣe bí ẹni tó ń ranni lọ́wọ́, gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná. Ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí ibòmíràn nínú gbogbo ayé àfi orí àwo Gbádébọ̀ tó wà lórí àpótí. Ẹni a ní kó féni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Nígbà tí wọn yóò fi gbé ìkòkò náà kúrò, àwo ti ká jọ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Ayọ̀ká mú un, ó gbé e lé itan, ó wò ó. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé mo ń ṣàsọdùn. Kò dáhùn ìkíni, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, oúnjẹ tó ń jẹ kò tó èyí tí ológoṣẹ́ ń jẹ. Dókítà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn aládùúrà gbàdúrà títí ohùn tiwọn náà fi há. Ó ń gbẹ lọ níṣojú wa. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Ó gbé àwo tó ká náà sókè, ó fi hàn mí, ó tún gbé e padà sórí itan. Mo ní ó yé mi.

Ọkùnrin kan wà ní ìpẹ̀kun ìlú wa nígbà náà, Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀. Télọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì nítorí àwo orin. Gbogbo àwo kékeré tí ayé dà nù, òun ló ń ṣà á jọ. Àwo ti gba àga, ó ti gba orí ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí yàrá kejì. Ìkójọ yẹn nìkan kọ́ ló le, ẹnu rẹ̀ ló le jù. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò sọ ìtàn àwo kan fún yín títí ẹ ó fi máa kí i pé ẹ káalẹ́.

Mo ní, "Ṣówándé, àwo Gbádébọ̀ ni mo wá."

Ó ní, "Èwo nínú rẹ̀? Èyí tí bébà àárín rẹ̀ pupa, àbí èyí tí bébà àárín rẹ̀ ní àwọ̀ ewé?"

Mo ní, "Èyí tó ń kọrin."

Ó mí kanlẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí èyíkéyìí láyé mọ́. Mo ti wá a dé Ìlọrin, mo ti wá a dé Kútọnu. Ṣùgbọ́n àwo tí ayé bá pa tì kì í ṣègbé. Ó máa ń yí lọ ni. Mo tẹ̀lé ọ̀kan rí láti ẹ̀yìn ilé ọtí kan tí wọ́n wó. Ó ń yí lọ lójú ọ̀nà, ó wọ igbó. Ẹ̀rù bà mí, mo padà. Ìlú Adákẹ́ ni gbogbo wọn ń lọ, lọ́dọ̀ Akójọmálò, ọba iwin."

Mo ní kó fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní òun yóò bá mi lọ, nítorí èmi kò lè dá àwo mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọrí ìkòkò. Mo ní rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo máa fi gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, ó ti gbé giramafóònù kan, èyí tí a ń fọwọ́ yí, karí.

Bí a ṣe dé igbó, n kò ní sọ ọ́. Ọ̀nà ni a rìn, ẹsẹ̀ ni a fi rìn ín. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti mọ ìtàn gbogbo ẹni tó ta gìtá ní ilẹ̀ yìí, ẹni tó yá wọn ní gìtá, àti ohun tí ìyàwó ẹni tó yá wọn ní gìtá máa ń sè.

Iwin kan dábùú ọ̀nà. Ojúméjì ni wọ́n ń pè é. Ó ga ju ìrókò lọ, ó pẹlẹbẹ bí ilẹ̀kùn, ojú kan wà níwájú orí rẹ̀, ojú kejì wà ní ìpàkọ́, ihò ńlá kan sì wà láàrin ikùn rẹ̀ tí màlúù lè gbà kọjá. Ojú iwájú ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ènìyàn, mo ní ojú méjì, ọ̀kan ni ayé ń kí. Kí ni kí ó ṣe, èyí tí wọn kò kí? Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, n ó tẹ̀ ọ́ pẹlẹbẹ."

Èmi, ọmọ Ògúnsanmí, ni ó ń pàlọ́ fún lọ́sàn-án gangan. Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi, mo pe ọfọ̀ tí baba mi kọ́ mi, mo yìn ín. Ọta gba inú ihò ikùn rẹ̀ kọjá, ó wó igi àràbà kan lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iwin náà kò tilẹ̀ gbọ̀n. Mo tún un yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fún mi lóríkì kò tíì rí iwin tó ní ihò nínú. Ọta kejì tún gba ibi tí èkíní gbà.

Ibi tí mo ti ń ki ẹ̀tù lọ́wọ́ ni mo ti rí i pé Ṣówándé kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti rìn yí iwin náà ká, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ojú ìpàkọ́. Ó ní, "Ẹ kú ìdúró, bàbá. Kí ni ẹ̀yin ń kọ ní tiyín?"

Ojú ìpàkọ́ yìí rí ràgàràgà, èérí ti bò ó. Ó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó ní, "Láti ìgbà tí a ti dá mi, kò sí ẹni tó bi mí léèrè rí." Ni omi bá dà lójú rẹ̀, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin náà dá lórí àgbẹ̀ kan tí iṣu rẹ̀ kò ta. Ó ka ebè náà ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó sọ ohun tó jẹ iṣu ebè èkíní, ó sọ ohun tó jẹ ti èkejì, ó bá a bẹ́ẹ̀ lọ dé etí oko. Mo jókòó lórí igi àràbà tí mo wó, mo fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí ó parí, ó yà kúrò lọ́nà fún wa. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi nù.

Ṣówándé ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ti ebè kejì yẹn kọ."

Ẹ̀yin ará mi, ọdẹ kì í yìnbọn lu ẹni tí wọ́n jọ jáde. Òfin ni. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà.

A kúrò níbẹ̀, a dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Atúnsọ. Àgbàrá ti la ìlú náà já láàrin, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀bẹ ha ojú àwo tí orin sì ń tún ibì kan ṣoṣo kọ, ohùn gbogbo ará ibẹ̀ sì há mọ́ ọn. Ọba wọn jáde pàdé wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀." A dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀." A tún dúpẹ́. Mo béèrè ọ̀nà Adákẹ́. Ó ní, "Ẹ gba ẹ̀yìn òkè yẹn kí ẹ, ẹ gba ẹ̀yìn òkè yẹn kí ẹ, ẹ gba ẹ̀yìn òkè yẹn kí ẹ." Mo dúró kó parí rẹ̀. Oòrùn yẹ̀, òjìji wa gùn, a ṣì ń gba ẹ̀yìn òkè. Àwọn ìjòyè rẹ̀ ń gbè é, olúkúlùkù ní ibi tí tirẹ̀ ti há.

Ṣówándé ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Ojú ọgbẹ́ ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bọ́ sórí ìlù."

Sùúrù mi ti tán lọ́dọ̀ Ojúméjì. Mo mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ọba. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀ pé mo gbọ́wọ́ sókè, mo ti gbá a ní ìpàkọ́, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni gbá ẹ̀gbẹ́ giramafóònù.

Ọba ní, "kí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì funfun, ẹ ó rí ẹnu odi Adákẹ́ níwájú yín."

Àwọn ìjòyè fa àdá yọ. Ọba na ọwọ́ sí wọn. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gorí oyè, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo parí nìyí." Ó wá jókòó, ó sì parí gbogbo èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìwúyè rẹ̀. Nígbà tí yóò fi dákẹ́, gbogbo ará ìlú ti tò sẹ́yìn mi, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n na ìpàkọ́ sílẹ̀. Mo gbá wọn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi wú. Iṣẹ́ tí kò sí nínú iṣẹ́ ọdẹ ni mo ṣe lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bù mí ní omi.

Àmọ́ ọba náà mọ oore. Nígbà tí a fẹ́ kúrò, ó ní, "Akójọmálò kì í ta àwo, kì í sì í fi tọrẹ. Ẹni tó bá mọ ìtàn tó wà lẹ́yìn àwo ni yóò gbé e fún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá purọ́ níwájú rẹ̀, ohùn onítọ̀hún ni yóò fi san án." Mo wo Ṣówándé. Ó ní kí ọkàn mi balẹ̀, ìtàn ni iṣẹ́ òun.

Ìlú Adákẹ́ funfun láti òkè délẹ̀. Òwú ni wọ́n tẹ́ sójú títì, bébà ni ará ibẹ̀ ń wọ̀, kò sí ẹyẹ, kò sí ajá, ilẹ̀kùn wọn kì í dún. Gbogbo ilé tó wà níbẹ̀, ilé àwo ni. Àwo tò láti ilẹ̀ kan àjà, èyí tí mo mọ̀ nígbà èwe mi àti èyí tí n kò gbọ́ rí. Ṣówándé dúró lójú ọ̀nà, ó sunkún. Ó rọra sunkún, nítorí wọ́n ti fi ìka sí ẹnu fún un.

Akójọmálò jókòó láàrin gbọ̀ngàn, ó sanra bí àká, apá pọ̀ lára rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn, ìbọ̀wọ́ funfun sì wà ní gbogbo ọwọ́ náà. Mo sọ ohun tí a bá wá. Ó fi ìka méjì fa àwo Gbádébọ̀ yọ láàrin àwọn tó kù, kò tilẹ̀ wò ó kó tó mú un. Àwo náà ń dán bí ojú odò. Ó ní, "Èyí tó kẹ́yìn nìyí. Kí ni ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Ṣówándé gba ẹnu ọ̀rọ̀. Ó sọ orúkọ ẹni tó lu ìlù, ó sọ ẹni tó fi bébà lẹ̀ ẹ́ láàrin, ó sọ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn náà. Ọba iwin ní, "Mo mọ ìwé kà. Gbogbo ìyẹn wà lára àpò rẹ̀. Mo ní kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Ṣówándé gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Mo rí i bó ṣe wo àwo náà, mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe wọ̀ ọ́, mo sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Ó ní, "Kábíyèsí, Gbádébọ̀ pàdé Ayọ̀ká létí odò, ó ń wẹ̀, òṣùpá ń tàn sí i lára." Kò parí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ Akójọmálò nà síwájú, ó fa nǹkan kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ká a sínú àpò bébà, ó sì fi pamọ́. Ṣówándé ya ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Ó tún un yà. Ó di ọrùn ara rẹ̀ mú, ó kọjú sí mi.

Ẹ gbọ́, láti ìgbà tí a ti kúrò nílé ni mo ti ń tọrọ pé kí ọkùnrin yìí dákẹ́. Nígbà tó wá dákẹ́, ara mi kò gbà á.

Ọba iwin ní, "Ìwọ ńkọ́, ọdẹ?"

Mo mọ ìtàn náà. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n bí kò ṣe èmi? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni, a kì í tú u sílẹ̀ níwájú àlejò, ká má tilẹ̀ sọ ti iwin. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Mo ní, "Kábíyèsí, gbogbo ayé rò pé orin ìfẹ́ ni. Kì í ṣe orin ìfẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ obìnrin kan. Gbádébọ̀ wà níbi tó ti ń ṣeré ní ìlú òkèèrè. Ọmọ náà kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó kò. Nígbà tí bàbá rẹ̀ yóò fi dé, a ti sin ín. Ayọ̀ká kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé baba wa, kò sì fẹ́ rí ojú ọkọ rẹ̀. Gbádébọ̀ wá jókòó lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, kò mú gìtá dání. Baba wa lé e, kò lọ. Òjò pa á, oòrùn pa á. Ó ń fi imú kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó rí ọ̀rọ̀ fún un, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló ń kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí orin náà pé, ẹ̀gbọ́n mi jáde síta, ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Bí kò bá dára tó fún yín, kí ẹ mú ohùn tèmi náà."

Akójọmálò wo àwo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní, "Ṣé orin náà dára?"

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní gbogbo àwo ayé, ẹ kò gbọ́ ọ rí?"

Ó ní, "Bí abẹ́rẹ́ bá ti kàn án, yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀kan rí nínú wọn."

Ó sú mi dé ọkàn. Mo ní, "Kábíyèsí, obì tí ènìyàn kò pa títí kòkòrò fi jẹ ẹ́, ta ló jẹ obì náà?" Ó na àwo sí Ṣówándé. Ṣówándé gbé giramafóònù kalẹ̀, ó yí i, ó dojú ẹ̀yìn àwo sókè, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ohùn àna mi jáde. Gbádébọ̀ tí mo fi ọwọ́ mi gbé sí sàréè, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ta gìtá, ó ní:

Ilẹ̀kùn kò tì, àtùpà kò kú,
Ẹni tó lọ, ọ̀nà ilé ṣì mọ́.

Àwọn ará Adákẹ́ jáde nínú ilé wọn. Bébà ara wọn ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òmíràn fọwọ́ di etí, òmíràn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ọba iwin bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó fi ọwọ́ lásán nu ojú. Orin náà kò gùn. Nígbà tí ó tán, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò ṣe.

Akójọmálò ní, "Òtítọ́ lo sọ. Àwo jẹ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu odi ìlú yìí, ohun kan ṣoṣo nínú ìkójọ mi ló ń gbà níbẹ̀ jáde fún ìrìn kan, ẹni tó bá sì jáde kì í tún mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Mú àwo, tàbí kí o mú ohùn ọ̀rẹ́ rẹ."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ ìyẹn látàárọ̀?"

Ó ní, "O kò béèrè."

Mo wo àwo náà. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lójú inú, lórí àga, ọrùn rẹ̀ tó ti di ọ̀pá. Mo wo Ṣówándé. Òmùgọ̀ ọkùnrin náà ti mú àwo, ó ń tì í bọ àpò ọdẹ mi, ó ń mi orí sí mi pé kí n máa lọ. Omi ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń tì í. Mo rántí ojú ìpàkọ́ Ojúméjì. Mo rántí pé èmi ìbá ti di pẹlẹbẹ. Mo fa àwo yọ nínú àpò mi, mo dá a padà sọ́wọ́ ọba iwin, mo ní, "Ẹ bá mi mú ariwo yẹn wá."

Bí a ti jáde lẹ́nu odi tí mo tú àpò bébà náà sí i lẹ́nu, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ? Kò dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yìí? Èyí tó kẹ́yìn láyé lẹ fi sílẹ̀ yẹn." Ó bá mi jà jáde nínú igbó, ó bá mi jà lójú ọ̀nà, ó bá mi jà wọ ìlú. Ohun kan náà tó ń sọ ni ọkàn mi ń sọ.

A bá Ayọ̀ká níbi tí mo fi í sí. Ó wo ọwọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, èmi àgbàlagbà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i. Mo gbọ́ ọ. N kò mú un bọ̀." Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó kàn gbé orí sẹ́yìn, ó sinmi lé ògiri, mo sì rò pé bí yóò ti lọ nìyẹn.

Ó ti rẹ Ṣówándé nígbà náà, ìjà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Màmá, bó ṣe lọ nìyí." Ó sì kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò dára, ó ń há bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ṣùgbọ́n ohun tí etí ọkùnrin yẹn bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í sọ ọ́ nù. Ó wúkọ́ níbi tí Gbádébọ̀ ti wúkọ́. Ó fi ẹnu ta gìtá níbi tí gìtá wà. Ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ti yá jù."

Mo rò pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ bí ewé. Ó tún un sọ, ó sì ń yínmú bí ó ti máa ń ṣe bí nǹkan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní, "Ó ti yá jù. Àwọn ará Èkó yẹn ló lé e léré. Wọ́n ní àwo kékeré kò ní gbà á, wọ́n ní kó kọ ọ́ kíákíá, wọ́n sì yọ ẹsẹ kan dà nù níbẹ̀. Mo sọ fún un kó má gbà fún wọn. Kò gbọ́. Gbádébọ̀ kì í gbọ́ràn."

Èmi ti la igbó iwin já, mo ti gbá odidi ìlú kan ní ìpàkọ́, mo ti tú àṣírí ilé baba mi, kí ẹ̀gbọ́n mi lè sọ fún mi pé orin náà yá jù. Mo la ẹnu láti sọ ohun tó wà nínú mi. Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ó gbé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà yíyọ̀. Ó kọ ọ́ dé ibi tí àwo ti parí, kò sì dúró.

Ìwọ àlejò àárọ̀ tí kò dúró jẹun,
Ẹsẹ̀ rẹ kò tíì kan ilẹ̀ ilé wa.
Wọn kò sọ ọ́ lórúkọ kí o tó lọ,
Èmi pè ọ́ ní Àníkẹ́.
Àníkẹ́, mo dé, dá mi lóhùn.

Mo wà nílé wọn lọ́jọ́ tí a bí ọmọ yẹn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ tí mò ń wí yìí, n kò mọ̀ pé ó ní orúkọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, àfi bàbá rẹ̀ tó ti kú àti ìyá rẹ̀ tó jókòó níwájú wa.

Ṣówándé bo ojú. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àwo tó ká kúrò lórí itan rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ní kí a sún mọ́ òun, kí a gbè é, kí a má sì yára.

Bí mo ti rìn ín, bí mo ti rí i ni mo ṣe sọ ọ́. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀.